Kíkà Ni Kọ̀ǹpútà Ń Ka Èdè

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò fún iṣẹ́ méjì tí ó yàtọ̀ sí ara wọn. A ń ka ìwé, a sì ń ka owó. Ẹni tí ó ń ka ìwé ń wá ìtumọ̀. Ẹni tí ó ń ka owó ń wá iye. Bí a bá fi ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin kíkà méjèèjì yìí sọ́kàn, a ti di ìdí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ ṣàlàyé mú. Kọ̀ǹpútà tí ó ń túmọ̀ èdè, tí ó ń dáhùn ìbéèrè, tí ó sì ń bá ènìyàn kọ lẹ́tà lóde òní, kò ka ìwé rí bí àwa ti ń kà á. Bí ìyá oníṣòwò ti ń ka owó ni ó ń ka ọ̀rọ̀. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé láti inú kíkà iye yìí ni nǹkan tí ó jọ kíkà ìtumọ̀ ti jáde wá.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Àwa tí a ń kọ́ni ní Yorùbá, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọ, ni a ń kọ ohun tí ẹ̀rọ náà yóò kà. Bí a bá kọ ọ́ dáadáa, yóò hàn. Bí a bá kọ ọ́ játijàti, yóò hàn pẹ̀lú. N ó kọ́kọ́ ṣàlàyé bí iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ti rí, lẹ́yìn náà ni n ó wá sọ ibi tí ó ti kàn wá.

I. Bí lẹ́tà ti ń di nọ́ńbà

Kọ̀ǹpútà kò mọ a, kò mọ b. Nọ́ńbà nìkan ni ó lè fi pamọ́, nọ́ńbà náà sì ni ó lè ṣírò. Nítorí náà, kí ọ̀rọ̀ kan tó lè wọ inú rẹ̀, a ní láti yan nọ́ńbà kan fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1963, àwọn ará Amẹ́ríkà gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ASCII. Àyè 128 péré ni ó wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà, àti àwọn àmì tí a fi ń dánu dúró ni ó gba ibẹ̀. Kò sí àyè fún ẹ, ọ àti ṣ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àyè fún àmì ohùn. Ìgbà tí ìlànà mìíràn, Unicode, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1991 ni ọ̀nà tó bẹ̀rẹ̀ sí í là fún gbogbo èdè ayé. Nínú ìlànà yìí, 97 ni a, 7865 ni ẹ, 7885 ni ọ, 7779 sì ni ṣ.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà ẹ tí ó ní àmì ohùn òkè lórí kò ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ̀rọ lè kọ ọ́ bí 7865, kí ó fi 769, tí í ṣe àmì ohùn òkè, tẹ̀lé e. Ó sì tún lè bẹ̀rẹ̀ láti orí é, tí í ṣe 233, kí ó fi 803, tí í ṣe àmì abẹ́ lẹ́tà, tẹ̀lé e. Lójú tiwa, ẹ́ kan náà ni méjèèjì. Ìlànà Unicode fúnra rẹ̀ pàṣẹ pé kí a kà wọ́n sí ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó ṣe ètò fún ẹ̀rọ bá gbàgbé òfin yìí, ẹlẹ́dẹ̀ kan ṣoṣo lè di ẹranko méjì nínú ìṣírò ẹ̀rọ náà, kí ìdajì ohun tí a kọ nípa ẹlẹ́dẹ̀ sì sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ìṣòro mìíràn tún wà. Kì í ṣe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìsinsìnyí ń bá ṣiṣẹ́, kì í sì í ṣe odidi ọ̀rọ̀, bí kò ṣe ẹ̀là ọ̀rọ̀. Ọ̀nà tí Rico Sennrich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Edinburgh mú wọ inú iṣẹ́ ìtumọ̀ ní 2016 ni èyí: ẹ̀rọ yóò wo lẹ́tà méjì tí wọ́n máa ń tẹ̀lé ara wọn jù lọ nínú gbogbo ohun tí a kó fún un, yóò so wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan, yóò tún wá méjì mìíràn, yóò so wọ́n pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí iye ẹyọ tí a fẹ́ yóò fi pé. Èdè tí ó bá pọ̀ jù nínú àkójọ ni yóò rí odidi ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbà sínú ẹyọ kan. Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa wọlé ní odidi, nígbà tí a ó gé ọ̀rọ̀ Yorùbá sí wẹ́wẹ́ bí ẹni gé ilá. Àní nínú ọ̀nà ìfipamọ́ tí ó wọ́pọ̀ jù lọ, e lásán gba àyè kan, ẹ gba àyè mẹ́ta, ẹ́ tí a bá sì kọ ní ọ̀nà àkọ́kọ́ tí mo sọ lókè gba márùn-ún. Bí ẹ̀là bá ti pọ̀ tó ni owó iṣẹ́ ń pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ lè fi ojú kó lẹ́ẹ̀kan náà ń dínkù.

II. Ọ̀nà òfin àti ọ̀nà iye

Nígbà tí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ fẹ́ kí ẹ̀rọ máa lo èdè, ọ̀nà tí olùkọ́ gírámà ì bá tọ̀ ni wọ́n tọ̀. Wọ́n kó ọ̀rọ̀ jọ bí ìwé atúmọ̀ èdè, wọ́n ṣe òfin bí a ti ń to ọ̀rọ̀, wọ́n sì kó méjèèjì lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù kìíní ọdún 1954, Yunifásítì Georgetown àti ilé-iṣẹ́ IBM fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ han àwọn oníwèé-ìròyìn ní ìlú New York. Ọ̀rọ̀ 250 àti òfin mẹ́fà péré ni ẹ̀rọ náà mọ̀. Síbẹ̀, ó túmọ̀ gbólóhùn tí ó lé ní ọgọ́ta láti èdè Rọ́ṣíà sí Gẹ̀ẹ́sì. Inú ayé dùn. Ọ̀pọ̀ rò pé láàrin ọdún díẹ̀ iṣẹ́ ògbufọ̀ yóò ti bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀rọ pátápátá. Wọn kò ro ti pé gbólóhùn tí a ti ṣà lẹ́sà fún ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ náà túmọ̀. Ní 1966, ìgbìmọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ALPAC jábọ̀ ní Amẹ́ríkà pé ìtumọ̀ ẹ̀rọ kò yá tó ti ènìyàn, kò péye tó o, owó rẹ̀ sì pọ̀ jù ú lọ. Láti ìgbà náà ni owó ìjọba fún iṣẹ́ náà ti gbẹ fún ọdún púpọ̀.

Kì í ṣe pé àwọn ọ̀mọ̀wé náà kò gbọ́n. Èdè ni kò gba òfin tán. A ń jẹ iṣu, a ń jẹ gbèsè, a ń jẹ oyè, a ń jẹ ìyà, a sì ń jẹ ayé. Òfin wo ni a ó ṣe tí yóò fi yé ẹ̀rọ pé nínú márààrún, ti iṣu nìkan ni ẹnu àti eyín ní ìpín nínú rẹ̀? Bí a bá sì rí òfin náà ṣe fún ‘jẹ’, ‘gbà’ ń dúró dè wá, ‘fi’ ń dúró dè wá, ‘ṣe’ sì wà lẹ́yìn wọn.

Ọ̀nà kejì ti wà nílẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó wà. Ní 1913, Andrei Markov, onímọ̀ ìṣírò ará Rọ́ṣíà, fi ọwọ́ ara rẹ̀ ka 20,000 lẹ́tà nínú Eugene Onegin tí Pushkin kọ. Kì í ṣe ewì ni ó ń wá níbẹ̀. Ó fẹ́ mọ iye ìgbà tí fáwẹ́lì ń tẹ̀lé fáwẹ́lì, àti iye ìgbà tí ó ń tẹ̀lé kọ́ńsónáǹtì. Ó fi hàn pé lẹ́tà tí ó ṣáájú ń sọ nǹkan fún wa nípa lẹ́tà tí ń bọ̀. Ní 1948, Claude Shannon ará Amẹ́ríkà mú èrò yìí lò fún Gẹ̀ẹ́sì: ó fi hàn pé bí a bá ń fa ọ̀rọ̀ yọ gẹ́gẹ́ bí iye ìgbà tí wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn, ohun tí yóò jáde yóò máa jọ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó ní nǹkan í sọ. Nígbà tí ó di ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn òṣìṣẹ́ IBM gbé ọ̀nà yìí wọ inú ìtumọ̀. Wọ́n mú àkọsílẹ̀ ilé aṣòfin Kánádà, tí a máa ń kọ ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Faransé, wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ apá kan bá ọ̀rọ̀ apá kejì pàdé. Òfin gírámà kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀ iṣẹ́ náà gún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

III. Àbọ̀ ọ̀rọ̀

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odidi. Bí mo bá wí pé ‘Àgbà kì í wà lọ́jà’, ṣàṣà ni ọmọ Yorùbá tí a tọ́ nílé tí kò ní fi ‘kí orí ọmọ tuntun wọ́’ parí rẹ̀. Iṣẹ́ yìí gan-an, pé kí a gba àbọ̀ kí a sì sọ ọ́ di odidi, ni kókó ohun tí àwọn ẹ̀rọ òde òní ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ tí ènìyàn lè fi ìka ọwọ́ kà ṣàlàyé rẹ̀. Kí a sọ pé gbólóhùn mẹ́rin péré ni ẹ̀rọ kan rí rí: Adé ra iṣu. Adé ra ẹran. Ayọ̀ ra iṣu. Ayọ̀ jẹ iṣu. Ìgbà mẹ́ta ni ‘ra’ wáyé; ẹ̀ẹ̀mejì ni ‘iṣu’ tẹ̀lé e, ẹ̀ẹ̀kan ni ‘ẹran’ tẹ̀lé e. Bí a bá wá sọ fún ẹ̀rọ náà pé ‘Adé ra’, tí a sì dákẹ́, yóò fi ‘iṣu’ parí rẹ̀ nínú ìgbà méjì nínú mẹ́ta. Lẹ́yìn ‘Ayọ̀’, ó lè mú ‘ra’, ó sì lè mú ‘jẹ’. Bí ó bá mú ‘ra’, tí ó sì mú ‘ẹran’ lẹ́yìn rẹ̀, yóò wí pé ‘Ayọ̀ ra ẹran’. Kí òǹkàwé padà wo gbólóhùn mẹ́rin náà: kò sí èyí nínú wọn. Ẹ̀rọ ti sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ fún un, gírámà rẹ̀ sì tọ́. Ṣùgbọ́n bóyá Ayọ̀ ra ẹran ní tòótọ́, ẹ̀rọ kò mọ̀, kò sì sí ohun tí ó lè fi mọ̀ ọ́n. Àǹfààní àti ewu iṣẹ́ yìí wà nínú àpẹẹrẹ kékeré náà.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹ̀rọ àti ọmọlúàbí náà hàn níbẹ̀. Ẹni tí ó fi odidi parí òwe mọ ọjà, ó mọ bí ìyá ti ń pọn ọmọ, ó sì mọ bí orí ìkókó ti ń yẹ̀ bí a kò bá gbé e ró. Ẹ̀rọ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wọ̀nyí máa ń tẹ̀ lé ara wọn, ó tán.

IV. Ọ̀rẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń bá rìn

Báwo wá ni ẹ̀rọ ti ń ṣe bí ẹni pé ó mọ ìtumọ̀? J. R. Firth, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ ọ́ ní 1957 pé nípa àwọn ọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ kan ń bá kẹ́gbẹ́ ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Èrò yìí kò ṣàjèjì sí wa, àwa tí a ní àgùntàn tí ó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Ẹ̀rọ a máa ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan ń rìn pẹ̀lú òmíràn, a sì fi iye náà fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́ẹ̀sì, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ gbogbo ń gbé nínú ìlú ńlá kan. Iṣu, ẹ̀gẹ́ àti kókò yóò wà ní àdúgbò kan. Ọba, ìjòyè àti ààfin yóò wà ní òmíràn. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún nọ́ńbà ni ó ń para pọ̀ di àdírẹ́ẹ̀sì ọ̀rọ̀ kan. Ní 2013, Tomas Mikolov àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Google fi ọ̀nà kan hàn tí ẹ̀rọ lè fi ṣe iṣẹ́ yìí kíákíá lórí àkójọ ọ̀rọ̀ tí ó pọ̀ gidigidi, láti ìgbà náà ni ó sì ti tàn kálẹ̀.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Ẹ wo ọ̀rọ̀ mẹ́fà wọ̀nyí: ọkọ, tí ó fẹ́ ìyàwó, ọkọ̀, tí a ń wọ̀, ọkọ́, tí a fi ń kọ ebè, ọ̀kọ̀, tí jagunjagun ń gbé, oko, tí àgbẹ̀ ń ro, àti òkò, tí ọmọdé ń sọ lu máńgòrò. Ẹgbẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bá rìn yàtọ̀, àdúgbò tí ó yẹ kí ó máa gbé sì yàtọ̀. Ṣùgbọ́n bí òǹkọ̀wé bá yọ àmì orí àti àmì abẹ́ kúrò, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà di ‘oko’ kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ yóò da ẹgbẹ́ wọn pọ̀: ìyàwó, awakọ̀, àdá, ogun, àgbàdo àti máńgòrò, yóò sì fún àdàlù náà ní àdírẹ́ẹ̀sì kan láàrin ìgboro, níbi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbé.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀-orúkọ nìkan ni ó ń kú báyìí. ‘O lọ’ ni a ń sọ fún ẹni tí ó wà níwájú wa. ‘Ó lọ’ ni a ń sọ nípa ẹni tí kò sí níbẹ̀. ‘Ilé rẹ’ kì í ṣe ‘ilé rẹ̀’. Àmì kékeré kan ni ó ya ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí a bá yọ ọ́, a kò tíì mọ ẹni tí ó ni ilé.

Ẹnìkan lè wí pé òǹkàwé tí ó jẹ́ Yorùbá a máa mọ̀ ọ́n láìsí àmì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n nítorí pé ó ti gbọ́ èdè náà lẹ́nu ìyá rẹ̀ kí ó tó mọ ìwé. Ẹ̀rọ tí mo ń sọ yìí kò ní ìyá. Ohun tí a kọ nìkan ni ó ní. Lóòótọ́, àwọn onímọ̀ ti ṣe ètò tí ẹ̀rọ fi lè dá àmì padà sórí ọ̀rọ̀ tí a ti yọ ọ́. Iroro Orife tẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde fún Yorùbá ní 2018. Ṣùgbọ́n ibo ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ti ń kọ́ bí a ti ń dá àmì padà? Láti inú ìwé tí ẹnìkan ti fi sùúrù fi àmì sí ni.

V. Ìfetísí

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó ṣáájú kò tó láti fi mọ èyí tí ń bọ̀. Bí mo bá wí pé ‘Adé sọ pé òun ń bọ̀’, Adé fúnra rẹ̀ ni ó ń bọ̀. Bí mo bá wí pé ‘Adé sọ pé ó ń bọ̀’, a ó máa wá ẹlòmíràn. Láti mọ ẹni tí ‘òun’ jẹ́, a ní láti bojú wẹ̀yìn wo Adé, kí a sì fojú fo ọ̀rọ̀ tí ó wà láàrin. Ní 2017, àwọn onímọ̀ mẹ́jọ tí ọ̀pọ̀ wọn ń ṣiṣẹ́ ní Google gbé irú ẹ̀rọ kan jáde tí wọ́n pè ní Transformer. Nínú rẹ̀, ẹ̀là ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan a máa wo àwọn yòókù, a sì fi nọ́ńbà díwọ̀n bí ó ti yẹ kí ó fetí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó. ‘Òun’ yóò fetí sí ‘Adé’ gidigidi, yóò fetí sí ‘sọ’ níwọ̀nba, ‘pé’ yóò sì gba díẹ̀.

Bí ẹ̀rọ náà ti ń kẹ́kọ̀ọ́ kò ṣòro í sọ. A ó fi gbólóhùn kan hàn án, a ó bo ọ̀rọ̀ tí ó kàn mọ́lẹ̀, a ó sì ní kí ó méfò. Bí ó bá kùnà, a ó yí àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀nà tí èfò rẹ̀ ì bá fi súnmọ́ òótọ́. A ó tún ṣe é, a ó tún ṣe é, ní ìgbà tí ó kọjá àfẹnusọ. Ẹ̀rọ GPT-3 tí ó jáde ní 2020 ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ 175 bílíọ̀nù. Irú rẹ̀ kan náà ni ó wà lábẹ́ ChatGPT, tí a ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Kò sí ẹni tí ó jókòó kọ ọ̀kankan nínú àwọn nọ́ńbà náà. Láti inú kíkà ni gbogbo wọn ti wá.

VI. Oúnjẹ tí a gbé fún un

Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè pàtàkì ni pé: kí ni ẹ̀rọ rí kà ní Yorùbá? Láti ìgbà tí Àjàyí Crowther ti tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ní 1843, tí odidi Bíbélì sì jáde ní 1884, ìwé ẹ̀sìn ni ó ti ń ṣíwájú nínú ohun tí a ń túmọ̀. Bíbélì wà ní èdè méjèèjì, ẹsẹ kò yẹ̀ lára ẹsẹ. Nítorí náà ni ó fi rọrùn fún ẹ̀rọ láti fi kọ́ ìtumọ̀. Àkójọ ńlá mìíràn tí àwọn onímọ̀ lò, tí ó jáde ní 2019, wá láti inú ìtẹ̀jáde àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó kọ́ Yorùbá nínú ìwé mímọ́ nìkan yóò mọ májẹ̀mú, yóò mọ ìràpadà, ṣùgbọ́n àbọ̀ ni yóò bá ara rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ, aláró, mẹkáníìkì, tàbí ìyá tí ń ro àmàlà.

Nígbà tí Google fi Yorùbá kún àwọn èdè tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń túmọ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2013, inú wa dùn, ó sì yẹ kí ó dùn. Àwọn ọ̀dọ́ wa kò sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún àlejò. Ní Ìbàdàn, Túndé Adégbọlá ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ àti èdè wa láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ariwo. Láti 2019 ni ẹgbẹ́ Masakhane ti kó àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà jọ fún iṣẹ́ kan náà. Ní 2020, Jesujoba Alabi, David Adelani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi iṣẹ́ ìwádìí hàn lórí Yorùbá àti Twi: wọ́n fi àkójọ ńlá tí a fi ẹ̀rọ gbá jọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì wé àkójọ kékeré tí a ṣà tí a sì kọ dáadáa. Kékeré tí ó mọ́ ni ó borí. Ní 2021, àkójọ MENYO-20k jáde, nǹkan bí 20,000 gbólóhùn Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, tí a mú láti inú ìròyìn, ọ̀rọ̀ àsọyé àti oríṣiríṣi ìwé, tí a sì fi àmì ohùn sí. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú iṣẹ́ wọ̀nyí ni pé a kò ní láti pọ̀ tó Gẹ̀ẹ́sì kí a tó lè wúlò. Ṣùgbọ́n ohun díẹ̀ tí a ní gbọ́dọ̀ gún.

VII. Ohun tí kíkà kò lè ṣe

Ní 1966, Joseph Weizenbaum ní MIT ṣe ẹ̀rọ kan tí ó pè ní ELIZA. Kò ju pé ẹ̀rọ náà ń yí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá sọ padà di ìbéèrè lọ. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn ń tú ọkàn wọn fún un. Ẹni tí ó bá fèsì, a rò pé ó gbọ́. Àwọn ẹ̀rọ tòní ju ELIZA lọ jìnnà, nítorí náà ni ó fi yẹ kí a ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí ó sábà máa ń tẹ̀lé ni ẹ̀rọ ń wá. Ohun tí ó jẹ́ òótọ́ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ó ti lè wí pé Ayọ̀ ra ẹran, bẹ́ẹ̀ ni ó lè fi ẹnu tí ó dán sọ òwe tí àgbà kankan kò pa rí, kí ó sì fi orúkọ Ifá kún un. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ irú òwe bẹ́ẹ̀ sínú àròkọ ti gbé owó ayédèrú wọ ọjà.

Ẹ̀rọ kò sì mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan fún ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́ tàbí baba àgbà. Bí ẹ̀rọ bá ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ó ní láti yan ‘o’ tàbí ‘ẹ’, iye ni yóò sì fi yàn án. Ọmọ tí ó kọ lẹ́tà sí àna rẹ̀ nípasẹ̀ ẹ̀rọ lè dé ilé bá ẹjọ́. Bákan náà, ‘ó’ tiwa kò yan akọ tàbí abo, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ń fẹ́ kí a yàn. Bí a bá wí pé ‘ó jẹ́ dókítà’, ẹ̀rọ yóò tẹ̀ sí ìhà tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó ti kà, kì í ṣe sí ìhà ẹni tí a ní lọ́kàn.

VIII. Iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ wa

Ní 1875, àwọn aṣáájú wa péjọ ní Èkó lórí bí a ó ti máa kọ Yorùbá. Ní 1966, ìgbìmọ̀ mìíràn tún jókòó lé e lórí, èyí tí a ń lò lónìí sì gba àṣẹ ìjọba ní 1974. Òǹkàwé tí wọ́n rò fún nígbà náà ní etí, ó sì lè fi etí tún ohun tí ojú rẹ̀ rí ṣe. Òǹkàwé tuntun tí ó dé yìí kò ní etí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, àìbìkítà tí a ti ń fara dà tẹ́lẹ̀ ti wá ní owó tí a ó san.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ fi lọ ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Èkíní, kí olùkọ́ tí ó ń kọ Yorùbá sí orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà máa fi àmì sí i, kí ó sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn bọ́tìnnì ìtẹ̀wé tí ó ní ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn ti wà fún fóònù àti kọ̀ǹpútà báyìí. A kò lè máa fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ kẹ́wọ́ mọ́. Èkejì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lọ ṣe ìwádìí máa kọ ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ti sọ ọ́, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn àti pẹ̀lú àmì: ti alágbẹ̀dẹ, ti onídìrí, ti apẹja, ti alásè. Irú ọ̀rọ̀ yìí ni kò sí nínú ìwé mímọ́, òun sì ni èdè fi ń mí. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe gbé Yorùbá tí ẹ̀rọ kọ síta láìtún un ṣe. Ohun tí ẹ̀rọ kọ lónìí, bí ó bá dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni ẹ̀rọ mìíràn yóò kà lọ́la. Àṣìṣe tí ó jẹ́ ọ̀kan yóò di mẹ́wàá, ẹ̀rọ a sì gbà á gẹ́gẹ́ bí òfin nítorí pé iye rẹ̀ ti pọ̀.

Àwọn ọmọ wa yóò máa bá ẹ̀rọ wọ̀nyí sọ̀rọ̀, a fẹ́ o, a kọ̀ o. Yóò dára bí Yorùbá tí yóò dá wọn lóhùn bá jẹ́ èyí tí ìyá ìyá wọn ì bá gbọ́ láìfajúro. Kíkà kò níí tán lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Kíkọ ni ó kù sí ọwọ́ tiwa.